Kámẹ́rà mẹ́ta, 4K, háàdì ò gbé e mọ́: kí ni kí n rà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn níbí: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, àti ìpolówó ọjà bí Ọlọ́run bá gbé e wá. Tẹ́lẹ̀, kámẹ́rà kan ni mo ní, 1080p ni mo sì ń yà, orí mi ò gbóná. Ọdún yìí ni àwọn oníbàárà gbọ́ pé nǹkan kan ń jẹ́ 4K, àwòrán tó tóbi tó 1080p mẹ́rin, kálukú wọn sì ń fẹ́ ẹ. Mo ra kámẹ́rà kan sí i, mo wá ń yá ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Ìdána kan tí a yà ní Bódìjà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló fẹ́ pa mí. Kámẹ́rà mẹ́ta, wákàtí márùn-ún márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ wà lórí háàdì 2 TB kékeré tí mo fi okùn USB 3.0 so mọ́ laptop. Bí mo bá ti tò ó sórí timeline, ibi tí a ti ń gé fídíò, tí mo ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa lọ, kì í pé ìṣẹ́jú kan tí àwòrán á fi dákú. Ibi tó ti ń dákú jù ni ibi tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀. Alága ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, onílù ń lùlù, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó ò dìde nílẹ̀ mọ́. Ó di ọjọ́ kẹrin tó ti wà níbẹ̀.

Laptop mi: Core i7 ìran kẹjọ, RAM 16 GB, NVMe 512 GB (irú SSD kan tó ń sáré, ibi ìpamọ́ tí kì í ṣe háàdì) ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń tajà ní Ìwó Road ní kí n ra NVMe tó ń sáré 7,000 MB/s, pé wàhálà mi á tán. Owó ọwọ́ mi ò ju ti nǹkan kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Má tíì rà á. Di àpò rẹ mú ná.

Ṣe ìṣirò kékeré yìí. Kámẹ́rà tó ń kọ 4K sílẹ̀ ní 100 Mb ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pín in sí mẹ́jọ (torí Mb mẹ́jọ ló wà nínú MB kan), 12.5 MB ni. Sọ ọ́ di mẹ́ta, 37.5 MB. Háàdì tìrẹ yẹn, bó ti wù kó lọ́ra tó, á ka nǹkan bí 100 MB/s bí o bá ní kó ka fáìlì ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, tí o bá ń wo eré sísá nìkan, ó yẹ kó gbé e. Kí ló dé tí kò gbé e? Apá kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí àwo tó ń yí nínú háàdì. Wo ìyá alámàlà kan tí wọ́n ní kó bu àmàlà ní Dùgbẹ̀, kó sáré lọ bu gbẹ̀gìrì ní Mọ́lété, kó lọ bu ewédú ní Àpáta, kó tún padà sí Dùgbẹ̀ wá dá ẹni kejì lóhùn. Ọwọ́ ìyá yá, ojú títì ló ń jẹ ọjọ́ rẹ̀. Ìrìn apá háàdì kọ̀ọ̀kan lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, kámẹ́rà mẹ́ta sì ń fà á sọ́tùn-ún sósì láìdúró. Bí o bá gbé etí sún mọ́ háàdì yẹn nígbà tí àwòrán bá dákú, o máa gbọ́ ọ: kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. SSD ò ní apá, kò ní àwo, ibi gbogbo nínú rẹ̀ dọ́gba sí i.

Àmọ́ èyí jẹ́ àfurasí. Kó o tó náwó, tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ti Windows lè ṣí, lọ sí Performance, kó o wá jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. Wo CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), wo Disk (háàdì), wo GPU (ẹ̀rọ àwòrán). Èyí tó bá kan òrùlé, ìyẹn 100%, nígbà tí ọkọ ìyàwó bá dákú, òun ni ọ̀daràn.

Àǹtí Fídíò Àpáta
Ẹ ṣeun, sà. Kí àbúrò mi má fojú kéré àyẹ̀wò yẹn o, torí pé èmi ti náwó dànù níbẹ̀. SSD gidi ni mo rà, mo gbé iṣẹ́ lé e, ó sì ń dákú bó ṣe ń dákú tẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà tuntun mi ni, H.264 10-bit 4:2:2, irú fídíò kíká tó ní àwọ̀ púpọ̀, ló ń kọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa ò ní ẹ̀rọ tó lè tú irú rẹ̀, CPU ló ń fi ọwọ́ lásán tú u, ó ń làágùn. Fáìlì inú káàdì kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ká a bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ àríyá mẹ́wàá sínú báàgì kékeré kan. Títú rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ohun tó yọ mí ni proxy, ẹ̀dà fúyẹ́ tí a fi ń gé iṣẹ́. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ProRes Proxy 1080p lóru, mo máa gé e tán lórí ìyẹn, mo wá dá 4K padà nígbà tí mo bá fẹ́ render, ìyẹn kí n gbé fídíò tó parí jáde. Nǹkan bí 45 Mb/s ni, ìyẹn bíi 20 GB fún wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ náà á gbé e.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mo ti wò ó. CPU ò kọjá 60. GPU ò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń ṣe nǹkan kan. Disk: 100, ó dúró gbagidi síbẹ̀. Mo sì gbọ́ kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ yẹn, Bàbá. Ẹ̀rín pa mí.

8-bit lásán ni kámẹ́rà mi ń kọ, Àǹtí, kì í ṣe 10-bit. Ṣé 7,000 yẹn ni kí n lọ rà báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. PCIe 3.0 (Gen3), ọ̀nà tí NVMe ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ni laptop ìran kẹjọ ń sọ. NVMe Gen4 tó ń sáré 7,000, bí ẹ bá gbé e sínú rẹ̀, 3,500 tàbí kó dín ló máa fún yín, owó ìyókù á lọ lófo. Gen3 ni kí ẹ rà bí ẹ bá fẹ́ kó wọ inú laptop. Bí ó bá sì jẹ́ ihò M.2 (ibi tí NVMe ń wọ̀) kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, 512 GB tí ẹ ní lẹ máa yọ, ẹ máa tún Windows gbé sórí tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní ìta, nínú ilé rẹ̀, àpótí kékeré tó ní okùn, ojú USB ló máa pinnu. USB 3.0 jẹ́ 5 Gb/s, ẹ lè rí 400 àti díẹ̀ MB/s nínú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ 10 Gb/s á fún yín ní bíi 1,000. Ojú okùn Thunderbolt 3 ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ wọ́n. Kódà SSD SATA lásán tí wọ́n ń tà fún laptop àtijọ́, 550 MB/s ni òpin ẹ̀, ó sì ju 37.5 yín lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 550 àti 7,000 lórí iṣẹ́ kámẹ́rà mẹ́ta tí ẹ sọ yìí.

Ẹ kíyè sí okùn o! Ọ̀pọ̀ okùn Type-C tó bá ṣájà fóònù wá jẹ́ USB 2.0. Ó wọ ihò náà dáadáa, iná tàn, gbogbo nǹkan ń lọ, eré rẹ̀ ò sì ju bíi 40 MB/s lọ. Mo ti rí ẹni tó dá SSD padà fún ẹni tó tà á fún un, ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀, okùn ṣájà ló fà á.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Ọmọ yìí gbọ́n. Kí n fi ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ kún un.

Iye tí wọ́n kọ sára páálí SSD, ti ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Àwọn SSD olówó pọ́ọ́kú, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní QLC, ní àyè kékeré kan tó yá níwájú, tí wọ́n fi ń gba àlejò. Bí o bá ń da 20 GB sí i, ó ń fò. Da 300 GB sí i, àyè àlejò á kún, eré á já lulẹ̀ lójijì, ó lè dé 100 MB/s tàbí kó tún kéré sí i, á wá dà bí háàdì tí o sá fún. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ò ní mọ̀ láéláé. Àwa onífídíò ni nǹkan náà ń jẹ níyà. Béèrè TLC, irú tí eré rẹ̀ kì í já tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á ò bá mọ TLC yàtọ̀ sí QLC, wo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kó o wá a lórí ayélujára kó o tó sanwó.

Ooru náà ńkọ́? NVMe máa ń gbóná, bó bá sì gbóná jù, á fúnra rẹ̀ dín eré kù kó má baà jóná. Ilé tó jẹ́ irin ni kó o rà, kì í ṣe ti ọ̀rá rírọ̀. Má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, má gbé e sórí laptop tó ń jóná fúnra rẹ̀.

Wọ́n á tún fi "SSD máa ń gbó" dẹ́rù bà ọ́. Ó ń gbó lóòótọ́. TLC 1 TB tó dára, àwọn tó ṣe é sábà máa ń ṣèlérí 600 TB kíkọ sórí rẹ̀. Ìdána Bódìjà rẹ yẹn, 100 Mb/s jẹ́ 45 GB fún wákàtí kan, wákàtí márùn-ún, kámẹ́rà mẹ́ta: 675 GB. Ká ní o ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láìsinmi, 35 TB lọ́dún. Ọdún mẹ́tàdínlógún. O ti sọ ọ́ nù tàbí kí ẹnì kan ti jí i kí ó tó gbó.

Ọmọ Dùgbẹ̀
Ẹ ò tíì sọ ti ayédèrú. Èmi jẹ ẹ́.

SSD 4 TB, owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin iye tó yẹ kó jẹ́. Ojúkòkòrò mú mi. Mo so ó mọ́ laptop, Windows kà á ní 4 TB, torí pé ohun tí nǹkan náà bá sọ fún Windows ni Windows ń gbà gbọ́. Mo da fídíò ìsìnkú kan sí i. Orúkọ fáìlì pé, iye GB pé. Àwọn tí mo kọ́kọ́ dà sí i ṣí. Gbogbo ìyókù dúdú kirikiri. Mo fi ọ̀bẹ ṣí ìdí rẹ̀. Káàdì kékeré tí wọ́n ń fi sí fóònù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó kan, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́. Àṣẹ̀ṣẹ̀dé ìsìnkú ni, mi ò tíì fọ káàdì kámẹ́rà, ìyẹn ló bo àṣírí mi.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá rà, H2testw ni mo kọ́kọ́ ń gbé lé e. Ó máa fi dátà kún nǹkan náà dé ẹnu, á wá kà á padà bóyá ó pé. Ó ń gba wákàtí bíi mélòó kan, jẹ́ kó ṣe é nígbà tí o bá ń sùn. Ẹ má pe 1 TB tó bá fi 931 GB hàn ní ayédèrú o, bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn: 1,024 ló fi ń pín in, 1,000 ni àwọn tó ṣe é fi ń pín tiwọn.

Háàdì tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó wà ní ọjà, ó sì ṣe é rà, ṣùgbọ́n ẹ fi ètò CrystalDiskInfo, tó ń fi ìlera háàdì hàn, wò ó níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo Power On Hours. Mo ti rí èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún 40,000 wákàtí, ìyẹn ju ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ lọ láìpa á, tí wọ́n nu ara rẹ̀ tí ó ń dán bíi tuntun. Ẹ tún wo Reallocated Sectors àti Current Pending Sector, ìyẹn àwọn ibi tó ti bàjẹ́ àti èyí tó fẹ́ bàjẹ́. Bí nọ́ńbà bá ti kúrò ní òdo, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ so ó mọ́ laptop yín kí ẹ tó sanwó, ẹ rékọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Àǹtí Fídíò Àpáta
Èmi ò ní fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sórí tòkunbọ̀. Láé.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà kẹta, kò burú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, mo bá Àǹtí lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé, ṣé kí n kúkú ra SSD méjì, kí n so wọ́n pọ̀ ní RAID, kí méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan? Mo rí i lórí YouTube.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó
RAID 0 á pín fáìlì sórí méjèèjì, á yá, àmọ́ bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì ti kú nìyẹn. RAID 1 á fi ohun kan náà sórí méjèèjì, ó dáa bí ọ̀kan bá kú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣèèṣì pa fódà rẹ́, ó pa rẹ́ ní ọ̀tún, ó pa rẹ́ ní òsì. Owó méjì yẹn, ẹ fi ra SSD kan àti háàdì kan.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Gbọ́, àbúrò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kásẹ́ẹ̀tì MiniDV la fi ń yà. Wákàtí kan nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 13 GB. A kì í jíròrò ẹ̀dà nígbà náà, torí pé kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wà nínú àpótí lẹ́yìn iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà lè jóná, o máa tún un gbé sí i. Káàdì ìsinsìnyí kọ́. Sátidé yìí o fọ̀ ọ́, Sátidé tó ń bọ̀ o lò ó. Ọjọ́ tí o bá fọ káàdì ni ẹ̀dà kìíní ti kú. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣubú nìyẹn.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Peter Krogh ló sọ òfin kan di gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, orí irú nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì. Èyí àkọ́kọ́ lórí SSD tí ò ń gé iṣẹ́ lé, èkejì lórí háàdì tí o kì í gbé kiri. Ẹ̀kẹta ló ń dá wa lágara ní Nàìjíríà. Ṣe ìṣirò ẹ̀: bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ bá ń gbé nǹkan lọ ní 10 Mb/s láìjá, 675 GB á gba ọjọ́ mẹ́fà àti díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ta ló máa san owó dátà yẹn?

Àǹtí Fídíò Àpáta
Oníbàárà ló máa san án, sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe dátà. Mo ti fi owó háàdì kún iye iṣẹ́ mi. Bí a bá ṣe ìgbéyàwó tán, fídíò tí mo gé àti gbogbo èyí tí mo yà wà nínú háàdì kan tí mo fi lé ìyàwó lọ́wọ́, mo sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára. Mo kọ ọ́ sínú risíìtì pé oṣù mẹ́fà ni tèmi máa wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dà kẹta wà ní Ṣángo, ní Rìngì Road, ní Akóbọ̀, ilé oníbàárà kálukú. Èmi ò san kọ́bọ̀. Wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Ẹ gbọ́ bí obìnrin ṣe ń ṣòwò! Màá jí ọgbọ́n yẹn.

Ọmọ Dùgbẹ̀
Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi sórí háàdì, ẹ má fi sórí SSD. Iná kékeré tí SSD há mọ́ inú ara rẹ̀ ni dátà jẹ́, ó sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá pa á tì láìso ó mọ́ iná. Òṣùwọ̀n tí àjọ JEDEC fi lélẹ̀ ni pé SSD ti kọ̀ǹpútà lásán tí a ti kọ nǹkan sí dé òpin iye TB tí wọ́n ṣèlérí, ó gbọ́dọ̀ di dátà mú fún ọdún kan láìsí iná bí ibi tó wà bá jẹ́ 30°C. Tuntun á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ooru ń mú kó tètè jò, ẹ sì mọ yàrá abẹ́ páànù ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹta. Háàdì náà ní tiẹ̀ o: ẹ má jẹ́ kó já bọ́, pàápàá nígbà tó bá ń yí.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń kọ́pì lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ẹ tún un kọ́pì, ẹ má kàn gbà pé ó ti wọlé. Ní ti bí ẹ ṣe máa ṣètò (format) háàdì, exFAT rọrùn torí pé Mac àti Windows jọ ń kọ nǹkan sí i, àmọ́ kò ní ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe bíi ti NTFS. Ẹni tó bá ń lo Windows nìkan, NTFS ni. FAT32 ò tiẹ̀ gba fáìlì tó tó 4 GB, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o.

Mi ò ra 7,000. NVMe TLC 1 TB, Gen3, àti ilé onírin rẹ̀ ni mo rà. Owó tó ṣẹ́ kù, mo fi kún un, mo ra háàdì 2 TB tuntun kan. Ọ̀gá Ìwó Road wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Mo fi H2testw kún SSD náà lóru, ó pé. Láàárọ̀, mo da fódà 180 GB láti inú laptop sí i: 420 MB/s láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lulẹ̀, bíi ìṣẹ́jú méje ló gbà. Ara rẹ̀ gbóná, àmọ́ mo lè gbé ọwọ́ lé e. Mo wá kó ìdána náà wá láti orí háàdì àtijọ́, ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì, ó ń ṣe kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ lọ. Media Cache ti Premiere (fáìlì ìgbà díẹ̀ tí ètò tí mo fi ń gé fídíò ń ṣe), mo gbé e sórí NVMe inú laptop kí méjèèjì má baà máa fa ara wọn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Disk ò kọjá 15. Ọkọ ìyàwó dìde nílẹ̀, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ nìkan nínú yàrá.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Ẹ̀dà kejì ńkọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó ń lọ lọ́wọ́ lórí háàdì tuntun, sà. Ó ku 212 GB.

Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì
Má fọwọ́ kan káàdì yẹn.